Ihò Kọkànlá

Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko, àwòrán aṣọ ẹbí kan ni kò jẹ́ kí ọkàn mi balẹ̀. Léèsì aláwọ̀ wáìnì ni, gèlè orí rẹ̀ dúró bí ogbe àkùkọ, obìnrin tó wọ̀ ọ́ sì fọwọ́ lérán. Àwòrán náà fúnra rẹ̀ kò ní ẹ̀sùn kankan. Ibi tó ti jáde ni ẹ̀sùn wà: inú pírínítà láàbù ilé ìwòsàn aládàáni kan níbí ní Àkúrẹ́, láago mọ́kànlá òwúrọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, nígbà tí wọ́n ń retí èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀.

Obìnrin kan tó jókòó sí ibi tí wọ́n ti ń dúró de dókítà ló ni ín. Ó fẹ́ fi àwòrán náà ránṣẹ́ sí télọ̀ rẹ̀, ìka rẹ̀ ṣèèṣì tẹ ohun mìíràn, fóònù rẹ̀ rí pírínítà kan nítòsí, ó ní kó bá òun tẹ̀ ẹ́. Pírínítà náà gbọ́ràn. Àwọn ọmọ láàbù rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn, wọ́n sì fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri. Mètírọ́ọ̀nù nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó pè mí.

"Ẹnjiníà, ẹ káàárọ̀. Bí ẹni tí kò mọ nǹkan kan bá lè ti orí àga wa bọ́ sínú láàbù láìmọ̀ọ́mọ̀, ẹni tó mọ̀ ọ́n ńkọ́? Ibo lòun ò ní dé?"

Mo ní n ó wá wò ó. Mo pa fóònù, mo jókòó jẹ́ẹ́. Èmi ni mo ṣe nẹ́tíwọ̀kì ọ̀hún ní 2021, láti wáyà àkọ́kọ́ dé ìkẹyìn. Kò sí ẹlòmíràn tí mo lè na ìka sí.

## Yàrá kan ṣoṣo

Ohun tí mo ṣe nígbà náà kò ṣàjèjì. Láti Alágbàka dé Ọjà Ọba, bí ọ̀pọ̀ nínú àwa tí à ń jẹun nídìí iṣẹ́ yìí ṣe ń ṣe é nìyẹn. A ó fa wáyà, a ó kì wọ́n bọ inú suwíìṣì (suwíìṣì iná kọ́ o, èyí tó ní ihò mẹ́rìnlélógún tí àwọn kọ̀ǹpútà ti ń bára wọn sọ̀rọ̀ ni mò ń wí), a ó so ráútà (àpótí tó ń mú íntánẹ́ẹ̀tì wọlé) mọ́ ọn, Wi-Fi á ṣiṣẹ́, a ó gbowó wa, ó dàbọ̀. Gbogbo ẹ̀rọ tó wà nínú ilé á wá di ará yàrá kan ṣoṣo: kọ̀ǹpútà dókítà, ti akáǹtì, kámẹ́rà ẹnu géètì, pírínítà láàbù, pẹ̀lú fóònù ẹnikẹ́ni tí wọ́n bá fún ní pásíwọọ̀dù.

Ariwo ló kún inú yàrá bẹ́ẹ̀. Bí kọ̀ǹpútà kan bá mọ àdírẹ́sì èkejì rẹ̀ tí kò mọ ibi tó jókòó sí, ńṣe ló máa figbe ta: "Ta ló ń jẹ́ 192.168.1.20?" Gbogbo ẹ̀rọ ló máa gbọ́ ọ, ẹyọ kan ni yóò dáhùn. Pírínítà náà a máa kiri, a máa polówó ara rẹ̀ bí ẹlẹ́kọ: èmi rèé o, mo lè tẹ̀wé o. Ìpolówó yẹn ni fóònù obìnrin aláṣọ ẹbí gbọ́. Kò jalẹ̀kùn, kò fọ́ fèrèsé. Wọ́n polówó, ó sì rà.

Èyí tó dùn mí jù ni pé suwíìṣì tí mo rà fún wọn kì í ṣe yẹpẹrẹ. Ó mọ iṣẹ́ tí à ń pè ní VLAN: èèyàn lè sọ fún un pé ihò kìíní dé ìkẹjọ jẹ́ ilé kan, ìkẹsàn-án dé ìkejìlá jẹ́ ilé mìíràn, inú àpótí irin kan náà ni gbogbo wọn yóò wà, ariwo ilé kan kò sì ní dé èkejì. Ọgbọ́n náà ti pẹ́ láyé. Láti àwọn ọdún 1980 ni W. David Sincoskie ti gbé èrò rẹ̀ kalẹ̀ ní Bellcore, ilé iṣẹ́ ìwádìí tẹlifóònù kan lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Ní 1998, IEEE, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ, sọ ọ́ di ìlànà tí wọ́n ń pè ní 802.1Q, kí suwíìṣì tí ilé iṣẹ́ kan ṣe lè gbọ́ èdè èyí tí òmíràn ṣe. Ìlànà náà ti lé lógún ọdún kí n tó kan ìṣó àkọ́kọ́ mọ́ ògiri ilé ìwòsàn yẹn. Mo kọ́ ọ nílé ẹ̀kọ́. Mo yege ìdánwò rẹ̀. Mo wá dà bí ẹni tó ra ọkọ̀ onígíà márùn-ún, tó ń fi gíà kìíní wà á láti Àkúrẹ́ dé Oǹdó.

## Pèrègún

Lọ́sàn-án ọjọ́ Àbámẹ́ta, mo lọ bá Mètírọ́ọ̀nù ní ọ́físì rẹ̀. Mo ti ṣí láptọ́ọ̀pù, mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ àlàyé. Ó ní kí n pa á dé. Ó já ewé kan lára kàlẹ́ńdà ilé iṣẹ́ oògùn tó wà lára ògiri, ó dojú rẹ̀ délẹ̀, ó ṣí báírò.

"Ẹ má sọ ti ẹ̀rọ fún mi, kò lè yé mi. Ẹ jẹ́ ká sọ ti èèyàn. Ta ló yẹ kó máa bá ta sọ̀rọ̀?"

Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Láàbù ń fi èsì ránṣẹ́ sí dókítà, bẹ́ẹ̀ ni. Fámasí ń wo oògùn tí dókítà kọ, bẹ́ẹ̀ ni. Ṣé ó yẹ kí akáǹtì máa rí èsì àyẹ̀wò aláìsàn? Ó gbé báírò sókè, ó rò ó, ó ní rárá, iye owó tí wọ́n fi ṣe àyẹ̀wò nìkan ló kàn wọ́n. Ṣé ó yẹ kí nọ́ọ̀sì rí owó oṣù dókítà? Ibẹ̀ ló ti kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Kámẹ́rà kò ní ọ̀rọ̀ kankan í bá ẹnikẹ́ni sọ àfi àpótí tó ń gba àwòrán rẹ̀ sílẹ̀. Àlejò fẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì, kò sí ohun tó kàn án nínú ilé. Láàárín ogójì ìṣẹ́jú, obìnrin tó ní ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ kò lè yé òun ti ya ohun tí mo ti rí àwọn tó gbowó gọbọi yà tí wọn ò ya ìdajì rẹ̀. Mo kàn fi nọ́ńbà sí i ni: 10 fún ìtọ́jú aláìsàn, 20 fún akáǹtì, 30 fún àlejò, 40 fún kámẹ́rà, 99 fún èmi tí n ó máa ṣàkóso. Bó bá wù ọ́, o lè lo nọ́ńbà èyíkéyìí láti 1 dé 4094, torí bíìtì 12, ìyẹn àyè 0 tàbí 1 méjìlá, ni wọ́n fi sílẹ̀ fún un. Ìyẹn ì bá fún wa ní 4096, ṣùgbọ́n wọ́n ti fi 0 àti 4095 pamọ́. Ilé ìwòsàn wa kò nílò ju márùn-ún lọ.

Bàbá Akáǹtì wọlé bí a ṣe ń parí rẹ̀. Ó ti lé lọ́mọ ọgọ́ta ọdún, gíláàsì ojú rẹ̀ máa ń wà lórí imú kì í ṣe lójú. Ó bẹ̀rẹ̀ wo ìwé náà, ó rí ẹ̀ka tirẹ̀ nínú àpótí kan lọ́tọ̀, ojú rẹ̀ korò.

"Ẹ̀yin náà ti ń yà wá sọ́tọ̀ nìyẹn? Lẹ́yìn ọdún mẹ́rìndínlógún? Ṣebí àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà?"

"Bàbá, ẹ má bínú," Mètírọ́ọ̀nù dá a lóhùn. Ọmọ Ìdànrè ni. "Oko kì í jẹ́ ti baba àti tọmọ kó má ní ààlà. Oko kòkó bàbá mi àti ti ẹ̀gbọ́n mi fara kanra, pèrègún ló wà láàárín wọn. Mi ò gbọ́ ìjà wọn rí."

Bàbá Akáǹtì ti gíláàsì rẹ̀ sókè. "Pèrègún ò dí èèyàn lọ́nà láti kọjá lọ kí ẹnìkejì rẹ̀, ìyá. Èyí tẹ́ ẹ fẹ́ ṣe yìí ńkọ́?" Ó yíjú sí mi. "Lẹ́tà mẹ́ta ni mo ti kọ sí ọ̀gá lórí kọ̀ǹpútà ọ́físì wa. Mi ò rí èsì ẹyọ kan. Ẹ wá fẹ́ fi ògiri lé e." Ó jáde.

Mo gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́tà yẹn, ó gba etí mi kan bọ́ sí èkejì. Ọ̀rọ̀ ìyàsọ́tọ̀ ni mò ń rò lọ, torí ó dùn mí díẹ̀. Mo fẹ́ pè é padà kí n sọ fún un nípa ààfin Déjì, tí gbogbo ọmọ Àkúrẹ́ mọ̀. Ààfin kan ni, ùà (àgbàlá) inú rẹ̀ pọ̀. Wọ́n ní ó lé ní 15, kọ̀ọ̀kan ló sì ní iṣẹ́ rẹ̀. Ùà Ùbúra wà fún ìbúra, Ùà Ìkómọ wà fún ìkómọ. Ẹni tó gbé ọmọ tuntun wá kò ní ohun tó fẹ́ lọ ṣe níbi tí wọ́n ti ń búra, kò sì sẹ́ni tó máa sọ pé wọ́n kórìíra rẹ̀ torí pé wọn ò mú un gba ibẹ̀ kọjá. Àwọn tó kọ́lé yẹn mọ̀ pé ilé tí gbogbo nǹkan ti ń ṣẹlẹ̀ lójú kan náà, kò sí ohun tó máa lójú níbẹ̀. Àlàyé mi dára. Ṣùgbọ́n ohun tí bàbá ń wí kọ́ ni mò ń dáhùn, ó sì pẹ́ díẹ̀ kí n tó mọ̀.

## Ohun tí aṣọ ẹbí ń ṣe

Ìjàǹbá aṣọ ẹbí yẹn ní àǹfààní kan. Òun ni mo fi ṣàlàyé apá tó máa ń ṣòroó yé ọmọ iṣẹ́ mi.

Wáyà kan ṣoṣo ló wà láàárín suwíìṣì àti ráútà, inú rẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ ilé márààrún ń gbà. Báwo ni wọn ò ṣe ní dà pọ̀? Aṣọ ẹbí ni. Bí ọkọ̀ kan bá kó àwọn àlejò ìyàwó àti ti ọkọ papọ̀ lọ sí gbọ̀ngàn, ẹni tó ń gbé oúnjẹ kò ní béèrè orúkọ baba ẹnikẹ́ni, àwọ̀ ló máa wò. Bí suwíìṣì bá fẹ́ ti ọ̀rọ̀ kan gba wáyà àjùmọ̀lò yẹn, á kọ́kọ́ wọ aṣọ fún un: báìtì mẹ́rin, tí nọ́ńbà ilé rẹ̀ wà nínú wọn. Bó bá dé ẹnu ihò tí kọ̀ǹpútà gan-an wà, á bọ́ aṣọ náà kúrò, torí kọ̀ǹpútà kò mọ̀ pé òde ẹbí kankan wáyé. Àwọn Cisco tó ń ṣe suwíìṣì ń pe wáyà àjùmọ̀lò ní trunk, wọ́n ń pe ihò kọ̀ǹpútà ní access. Àwọn mìíràn á ní tagged àti untagged. Orúkọ ló yàtọ̀, nǹkan kan náà ni.

Ọmọ iṣẹ́ mi ní ó yé òun. Mo gbà á gbọ́. Mo rò pé ó yé èmi náà.

## Lábẹ́ àtẹ̀gùn

Alẹ́ ọjọ́ Ẹtì tó tẹ̀ lé e ni mo yàn, nígbà tí èrò kò pọ̀. Suwíìṣì náà wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù lábẹ́ àtẹ̀gùn, níbi tí wọ́n ń kó ìgbálẹ̀ àti garawa sí. Mo ti forí sọ àtẹ̀gùn lẹ́ẹ̀mejì kí n tó rí ibi jókòó, lórí garawa tí mo dojú rẹ̀ délẹ̀. Ọmọ iṣẹ́ mi wà lókè ní ọ́físì akáǹtì, orí fóònù la ti ń sọ̀rọ̀. Ọ̀dọ̀ wọn ni mo ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀, torí ihò kan ṣoṣo ni wọ́n ní, ìkọkànlá, kò sì sẹ́ni tó ń ṣírò owó lálẹ́.

Mo dá àwọn VLAN sílẹ̀. Mo ṣètò ihò ìkẹrìnlélógún tó lọ sọ́dọ̀ ráútà. Mo yọ ihò kọkànlá kúrò nínú VLAN 1, ìyẹn yàrá àtijọ́ tí wọ́n máa ń kó gbogbo ihò sí láti ilé iṣẹ́ tó ṣe é, mo fi í sínú VLAN 20.

"Ọ̀gá, kò gba àdírẹ́sì o. 169.254 ló gbé wá."

Ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ yìí mọ ohun tí ìyẹn ń sọ. Kọ̀ǹpútà ti bèèrè àdírẹ́sì títí, kò gbọ́ ohùn ẹnikẹ́ni, ó wá fún ara rẹ̀ ní èyí tó wù ú. Mo ní kó yọ wáyà kó tún un kì bọ̀ ọ́. Bákan náà. Mo pààrọ̀ wáyà tó wà lọ́dọ̀ mi. Bákan náà. Mo gbé e lọ sí ihò kejìlá, mo tún gbogbo ètò ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀. Bákan náà. Aago mẹ́wàá ti lù, ẹ̀fọn ti mọ ibi tí mo wà.

Mo ṣí ojú ewé ráútà láti wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lọ́dọ̀ tirẹ̀, àyà mi sì já. Ráútà ti gbọ́ kọ̀ǹpútà akáǹtì. Kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀mejì. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ ní ìlà-ìlà pé òun fi àdírẹ́sì 192.168.1.57 lọ ẹ̀rọ yìí, ẹ̀rọ náà kò gbà á. Mo tún un kà. 192.168.1 ni yàrá àtijọ́, ibi tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kó o kúrò.

Ó ń sọ̀rọ̀. Wọ́n ń gbọ́ ọ. Wọ́n ń dá a lóhùn. Èsì kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ó yẹ kí n dúró ronú níbẹ̀. Ohun tí ẹni tó ti rẹ̀ máa ń ṣe ni mo ṣe: mo bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ nǹkan. Mo rí ojú ewé kan tí wọ́n kọ PVID sí lókè, gbogbo ihò tó wà níbẹ̀ ló ní 1. Mo ní kí n kọ́kọ́ dán an wò lórí ihò tèmi, ìkìíní, níbi tí wáyà láptọ́ọ̀pù mi wà. Mo yọ 1, mo fi 99. Ojú ewé náà dúró gbagidi. Mo tún un ṣí, kò ṣí. Mo ti ara mi mọ́ta. Etí suwíìṣì ṣì wà nínú VLAN 1, ọ̀rọ̀ mi sì ti di ti ará ilé 99; bí mo bá pariwo títí di òwúrọ̀, kò ní gbọ́. Ti kọ̀ǹpútà akáǹtì tiẹ̀ sàn, wọ́n ń gbọ́ tirẹ̀.

Ibi tí mo ti ń wá abẹ́rẹ́ tí n ó fi tẹ ihò kékeré tó máa sọ ọ́ di tuntun, ni iná lọ.

UPS tó wà níbẹ̀, bátìrì rẹ̀ ti kú láti ọdún tó kọjá. Èmi ni mo ní kí wọ́n rà á. Wọn ò tíì rà á. Gbogbo iná wínníwínní ojú suwíìṣì kú lẹ́ẹ̀kan náà, òkùnkùn bo abẹ́ àtẹ̀gùn. Mo ń gbọ́ tí bàbá gétì ń fa okùn jẹnẹrétọ̀, ó fà á, ó kọ̀, ó tún un fà. Bóyá ìṣẹ́jú márùn-ún ni. Kò sí ohun tí mo lè tẹ̀, mo wá ronú.

Ìbéèrè méjì ni suwíìṣì ń béèrè nípa ihò kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan ni mo dáhùn. Ó bi mí pé: ọ̀rọ̀ ilé wo ni kí n jẹ́ kó dé ọ̀dọ̀ ẹni yìí? Mo ní ogún. Ó tún bi mí pé: bí ẹni yìí bá lanu sọ̀rọ̀, ọmọ ilé wo ni kí n kà á sí? Ìyẹn ni PVID. Mi ò dáhùn, ó sì di èyí tí ilé iṣẹ́ kọ sí i mú: 1. Ohùn kọ̀ǹpútà akáǹtì ń bọ́ sínú yàrá àtijọ́, àwọn ará yàrá àtijọ́ sì ń fi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ dá a lóhùn, ṣùgbọ́n èmi fúnra mi ni mo ti dí etí rẹ̀ sí ohun gbogbo tó bá ti ibẹ̀ wá.

Jẹnẹrétọ̀ dáhùn. Suwíìṣì tan. Mi ò tíì tẹ Save láti ìgbà tí mo ti jókòó, nítorí náà gbogbo ohun tí mo ṣe fún wákàtí méjì ti pòórá, àti àgádágodo tí mo fi ti ara mi mọ́ta. Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Ní alẹ́ yẹn, ìrì ṣe mí lóore. Mo tún gbogbo rẹ̀ ṣe ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Ihò kọkànlá: VLAN 20, PVID 20.

"Ọ̀gá! 192.168.20.11!"

Mo tẹ Save lẹ́ẹ̀mẹ́ta, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀kan ti tó.

## Ilẹ̀kùn àárín

Mo rò pé iṣẹ́ ti parí lọ́jọ́ Àìkú, nígbà tí mo ti kó ìtọ́jú, kámẹ́rà àti àlejò sí àyè wọn. Mo mú fóònù mi, mo wọ Wi-Fi àlejò, mo jókòó sórí àga tí obìnrin aláṣọ ẹbí jókòó sí. Fóònù náà wá pírínítà títí, kò rí. Mo yọ̀. Mo wá tẹ àdírẹ́sì pírínítà láàbù síbẹ̀ lọ́wọ́ ara mi, 192.168.10.20. Ojú ewé rẹ̀ ṣí gbayawu.

Ẹ jẹ́ kí n sọ eléyìí ketekete, torí mo mọ àwọn ẹlẹgbẹ́ mi tó ti gbowó iṣẹ́ tí wọn ò tíì débẹ̀. VLAN á dá ariwo dúró, kò ní dá ẹsẹ̀ dúró. Iṣẹ́ ráútà ni láti so ilé pọ̀ mọ́ ilé, bó o bá sì fún un ní ẹsẹ̀ kan nínú yàrá kọ̀ọ̀kan láìsọ ẹni tó lè kọjá, yóò máa mú gbogbo èèyàn kọjá. Ògiri ti wà, kò sí aṣọ́nà. Mo jókòó kọ òfin sínú ráútà náà: 30 kò gbọdọ̀ dé 10, kò gbọdọ̀ dé 20, kò gbọdọ̀ dé 40, íntánẹ́ẹ̀tì nìkan. Kámẹ́rà kò gbọdọ̀ lọ síbikíbi. Akáǹtì lè dé ibì kan ṣoṣo nínú 10, ibi tí iye owó aláìsàn ti ń jáde, èsì sì lè padà dé ọ̀dọ̀ wọn láti ibẹ̀. Nígbà tí mo ń kọ ìlà tó gbẹ̀yìn yẹn, mo rántí ohun tí Bàbá Akáǹtì wí nípa pèrègún. Ohun tó ń bèèrè gan-an nìyẹn: kì í ṣe pé kí a má fi ààlà sí i, kí ọ̀nà wà níbẹ̀ ni.

Mo wá béèrè ọ̀rọ̀ lẹ́tà mẹ́ta. Kò kàn mí o, ṣùgbọ́n mo béèrè. Mètírọ́ọ̀nù bi ọ̀gá, ọ̀gá ní òun dáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, sí ímeèlì ẹ̀ka akáǹtì. Ọmọbìnrin tó máa ń ṣí ímeèlì yẹn ti lọ ṣe àgùnbánirọ̀ láti ọdún tó kọjá, òun nìkan ló mọ pásíwọọ̀dù rẹ̀. Oṣù mẹ́jọ ni bàbá ti fi gbà pé wọ́n ń fojú pa òun rẹ́. Ọ̀gá náà ti fi oṣù mẹ́jọ gbà pé bàbá ti gbà pẹ̀lú òun, torí kò fèsì.

Mo sọ ìtàn yìí fún ìyàwó mi, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Àti Màmá ńkọ́?" Mi ò lóye. Ó ní kí n ṣí WhatsApp ẹbí wa.

Ìyá mi ń gbé ní Oǹdó. Ó máa ń fi ohùn ránṣẹ́ sí wa níbẹ̀, àràárọ̀, ó ń kí wa, ó ń gbàdúrà, ó ń béèrè ta ni ara rẹ̀ kò yá. Àwa ọmọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin máa ń dá a lóhùn kíákíá. Mo yí i sókè, mo ń wò ó: "Ẹ kú àárọ̀ mà." "Àmín, Màmá." "A ti dé láyọ̀." Ìwé ni gbogbo rẹ̀. Ojú ìyá mi kò gbé lẹ́tà wẹ́wẹ́ lórí fóònù mọ́, a mọ̀, àwa náà la gbé e lọ ra gíláàsì tí kò fẹ́ lò. Kéréṣì tó kọjá, ó sọ fún àbúrò mi obìnrin pé òun kàn ń bá ògiri sọ̀rọ̀ ni, ẹ̀yin ọmọ yìí kì í dáni lóhùn. Inú bí wa. A ní, Màmá, gbogbo ìgbà la máa ń dáhùn! A tiẹ̀ fi hàn án. Ó wo ojú fóònù, ó wo ojú wa, ó ní kò burú.

Bí mo ṣe mọ̀ ọ́n, iṣẹ́ tiwa láti kéré ni ká gbọ́ àgbà. A kọ́ wa ní bí a ṣe ń tẹ́tí, bí a ṣe ń dáhùn, pé ẹni tí a pè tí kò jẹ́ ò lẹ́kọ̀ọ́. Mi ò rántí pé ẹnikẹ́ni kọ́ mi láti padà lọ wò ó bóyá jíjẹ́ tí mo jẹ́ dé etí ẹni tó pè mí. Nínú ilé ìwòsàn yẹn, nínú ẹbí tèmi, gbogbo ẹni tí mo bá béèrè lọ́wọ́ wọn ni yóò búra pé òun dáhùn, òótọ́ ni wọ́n sì ń sọ. Ráútà náà lè búra. Ó ní àkọsílẹ̀.

Láti ìgbà yẹn, ohùn la fi ń dá ìyá mi lóhùn. Ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Ìbàdàn ṣì máa ń gbàgbé.

## Lẹ́yìn ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù

Mo lọ ṣe àyẹ̀wò níbẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Wọ́n ti ra bátìrì UPS. Ewé kàlẹ́ńdà tí Mètírọ́ọ̀nù yà ni mo lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù, kí ẹni tó bá ń bọ̀ lẹ́yìn mi mọ ohun tí nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan wà fún. Báírò búlúù la fi kọ ọ́. Mo rí ìlà tuntun kan nísàlẹ̀ rẹ̀, báírò pupa, ọwọ́ ìkọ̀wé Bàbá Akáǹtì tó dà bíi ti ìwé báńkì àtijọ́:

"Ẹnjiníà, ilé ìdáná ti ra kọ̀ǹpútà. Ta ni yóò máa dá wọn lóhùn?"

Ihò kẹtàdínlógún ṣófo. Mo fi fóònù ya ìwé náà, mo sì kọrí sọ́dọ̀ àwọn alásè.